Ṣé O Mọ̀ Pé Òjó Kì Í Ṣe Orúkọ Tí Bàbá Ọmọ Ń Yàn?

Ṣé o mọ̀ pé láyé àtijọ́, bàbá lè wà lóko kí ọmọkùnrin rẹ̀ ti ní orúkọ nílé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè? Ìyá àgbẹ̀bí á jáde láti inú yàrá, á nu ọwọ́, á ní, "Ìgè ló dé o." Ọ̀rọ̀ parí. Ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ wáyé, Ìgè ni. Ó lè wu bàbá rẹ̀ kó máa jẹ́ Akínwándé, ó sì lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ, ṣùgbọ́n Ìgè ni gbogbo àdúgbò máa pè é títí tó fi máa hewú. Amútọ̀runwá ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ló mú un wá, òbí kàn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Mo ń sọ èyí nítorí àwọn ọ̀dọ́ òbí tí orúkọ ìgbàlódé ti sú. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo lónìí, o lè bá Ìmísíolúwa, Ìníolúwa, Ìfẹ́olúwa àti Ireolúwa lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Orúkọ dídùn ni wọ́n, àdúrà sì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ kí ọmọkùnrin rẹ máa jẹ́ orúkọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa tìtorí ẹ̀ bi í pé "ṣé orúkọ bàbá àgbà ẹ nìyẹn?", ó yẹ kó o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ orúkọ àtijọ́ kì í sọ ohun tí à ń retí lọ́wọ́ ọmọ. Bí ọmọ ṣe dé, tàbí ohun tí ojú ilé ti rí kó tó dé, ni wọ́n ń ròyìn.

Wo Òjó. Ọmọkùnrin tí ìwọ́ rọ̀ mọ́ lọ́rùn nígbà tó ń bọ̀ ni. Bó bá jẹ́ obìnrin, Àìná ni. O lè rò pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Kò ṣọ̀wọ́n rárá. Nínú ọmọ mẹ́rin sí márùn-ún tí wọ́n bá bí, ọ̀kan sábà máa ń gbé ìwọ́ kọ́rùn wá. Òjó ṣì ń dé sí ọsibítù lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni kò kí i káàbọ̀ ni. Nọ́ọ̀sì á ki ìka bọ abẹ́ okùn náà, á fà á gba orí ọmọ kọjá, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Kò sẹ́ni tó máa jáde sí kọ́rídọ̀ lọ sọ fún bàbá pé Òjó ló bí. Bí ó bá wù ọ́ kí ọmọ rẹ máa jẹ́ Òjó, bi nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí léèrè kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ìbéèrè náà lè pa á lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mọ ìdáhùn.

Ti Ìgè yàtọ̀. Nígbà tí oyún bá pé oṣù, ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń kọ ìdí tàbí ẹsẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Lọ́dún 2000, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi hàn pé iṣẹ́ abẹ ló fọkàn balẹ̀ jù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, láti ìgbà náà sì ni ọ̀pọ̀ ọsibítù káàkiri àgbáyé ti ń gbé wọn gba ikùn jáde. Ìgè kò fi ẹsẹ̀ wá mọ́, kò sì fi orí wá. Ọ̀bẹ dókítà kò tíì ní amútọ̀runwá tirẹ̀.

Àwọn yòókù ńkọ́? Àjàyí dojú bolẹ̀ wáyé. Ọ̀kẹ́ wà nínú àpò omi tí kò fọ́. Sàlàkọ́ fi awọ àpò náà borí wá. Olúgbódi ní ìka mẹ́fà. Ìlọ̀rí ni ọmọ tí oyún rẹ̀ dúró láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ tún rí nǹkan oṣù lẹ́yìn ìbí tó ṣáájú. Òní ń ké tọ̀sán tòru. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e ni Ọ̀la, ẹni tó bá tẹ̀ lé ìyẹn ni Ọ̀túnla. Ìdílé kan lè tipa bẹ́ẹ̀ bí ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ léra sínú ilé.

Dàda ló gba sùúrù jù nínú gbogbo wọn. Irun rẹ̀ ta kókó láti inú wá, wọn kì í sì í fi abẹ tàbí òòyà kàn án bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ mìíràn. Owó ẹyọ ni wọ́n ń so mọ́ ọn. Orúkọ ọba ni pẹ̀lú: Àjàká, Aláàfin tó jẹ kí Ṣàngó tó jẹ, tó sì tún padà jẹ lẹ́yìn rẹ̀, Dàda làwọn Ọ̀yọ́ ń pè é. Òbí tó bá fẹ́ fi Dàda pe ọmọkùnrin lónìí máa bá olùkọ́ fa ọ̀rọ̀, torí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ń fẹ́ kí ọmọkùnrin gé irun mọ́lẹ̀ kó tó wọ kíláàsì. A sì ti rí òbí tó gbà láti gé irun náà, tó wá fi orúkọ sílẹ̀ láìní irun tó gbé e wá. Ní tèmi, ìyẹn kò burú. Orúkọ rántí ohun tí abẹ ti gé dànù.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn orúkọ yìí kò kú? Ẹ̀yìn ni wọ́n ṣí lọ. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì, ilé-ìwé àti ọ́fíìsì ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ ìdílé lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ọ̀pọ̀ ló kọ orúkọ tí bàbá wọn ń jẹ́ sí ẹ̀yìn tiwọn. Bàbá ń jẹ́ Òjó, ọmọ di Samuel Òjó, ọmọ-ọmọ di Táyọ̀ Òjó, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwọ́ kan tó rọ̀ mọ́ ọmọ kan lọ́rùn ṣe di ti gbogbo ìran rẹ̀. Lọ síbi tí wọ́n ti ń pe rẹ́jísítà láàárọ̀: Àjàyí, Ìgè, Dàda, Ìdòwú, Òní, gbogbo wọn á dáhùn. Kò dájú pé ọ̀kan nínú wọn wáyé bí orúkọ rẹ̀ ṣe wí.

Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ti gbé wọn dé ibi tí àwọn tó kọ́kọ́ jẹ́ wọn kò lè rò. David Alaba, tí wọ́n bí ní Vienna lọ́dún 1992, tó sì jẹ́ balógun ikọ̀ Austria, ń gbé Àlàbá kiri lẹ́yìn aṣọ. Nílé, ìbejì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé, kí Ìdòwú tẹ̀ lé wọn, kí Àlàbá tó wáyé. Ola Aina tí wọ́n bí ní London ń jẹ́ Àìná, orúkọ tó jẹ́ ti obìnrin ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí bọ́ọ̀lù tiwọn ti jẹ́ ti ọwọ́ ju ti ẹsẹ̀ lọ, Jay Ajayi wà nínú ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles tó gba Super Bowl ní oṣù kejì ọdún 2018. Bí o bá ti ń jẹ́ Àjàyí lẹ́yìn, máà fi Àjàyí síwájú fún ọmọ. Àjàyí Àjàyí máa ní àlàyé púpọ̀ láti ṣe ní pápákọ̀ òfuurufú.

Àjàyí tó lókìkí jù lọ, orúkọ yìí nìkan ló gbé kúrò nílé. Wọ́n bí i ní Òṣogùn ní nǹkan bí ọdún 1809, wọ́n kó o lẹ́rú lọ́dún 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gba òun àtàwọn tó kù sílẹ̀ lójú òkun lọ́dún 1822. Nígbà tí wọ́n rì í bọmi ní Sierra Leone lọ́dún 1825, wọ́n fún un ní Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní London. Ó gbà á. Ó di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864. Ṣùgbọ́n kò ju Àjàyí nù, òun náà la sì fi ń pè é títí dòní.

Akọ̀wé òyìnbó ló sì kọ ọ̀pọ̀ orúkọ àtijọ́ sílẹ̀ fún wa láìmọ̀. Àwọn tí wọ́n bá gbà nínú ọkọ̀ ẹrú, wọ́n á kó wọn lọ sí Freetown tàbí Havana, akọ̀wé á jókòó ti tábìlì, á béèrè orúkọ, ọjọ́ orí àti gíga, á tún wo ilà ara. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti kó àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ fún ènìyàn tó lé ní 90,000. Etí òyìnbó ló fi gbọ́ ọ, ọwọ́ òyìnbó ló fi kọ ọ́, nítorí náà o ní láti kà á sókè kó o tó mọ̀ pé ará ilé ni.

Ó wá ku ẹ̀yà orúkọ tó ń ba ọ̀dọ́ òbí lẹ́rù jù: orúkọ àbíkú, tí wọ́n ń sọ ọmọ nílé tí ọmọ ti ń kú. Ṣé o mọ ohun tí K dúró fún nínú M.K.O. Abíọ́lá? Káṣìmáawò ni. Òun ni ọmọ kẹtàlélógún tí bàbá rẹ̀ bí, òun sì ni àkọ́kọ́ tó yè. Nígbà tó dé ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1937, ẹni tó ti sin méjìlélógún kì í sáré pe alálejò wá jẹun. Ká ṣì máa wò ó ni wọ́n wí, wọ́n sì ń wò ó ní tòótọ́: ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sọ pé ó tó ọmọ ọdún 15 kí wọ́n tó fún un ní Moshood. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dájú ló di olówó tí gbogbo ayé mọ̀, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà dìbò fún ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993. Nínú gbogbo orúkọ àbíkú, èmi kò rí èyí tó jẹ́ olóòótọ́ tó o. Kò bẹ ọmọ, kò bú u, kò ṣèlérí kankan fún un.

Àwọn yòókù ń bẹ̀bẹ̀ tàbí kí wọ́n máa bínú. Dúrósinmí ń bẹ ọmọ pé kó dúró kó sin òbí rẹ̀. Málọmọ́ àti Kòkúmọ́ kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Akísàtán ní kò sí àkísà tí wọ́n máa fi di òkú mọ́, Ilẹ̀tán ní ilẹ̀ ìsìnkú ti tán, Kòsọ́kọ́ sì ní kò sí ọkọ́ tí wọ́n máa fi gbẹ́ sàréè. Èyí tó kẹ́yìn yìí gorí ìtẹ́: Ọba Kòsọ́kọ́ ló jẹ ní Èkó láti 1845 títí di òpin 1851, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé e kúrò. Orúkọtán tún wà, tí bàbá tí orúkọ ti tán lẹ́nu rẹ̀ fi ń sọ ọmọ.

Fẹlá olórin náà ní ìtàn àbíkú tirẹ̀. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni òun wáyé. Nígbà àkọ́kọ́, lọ́dún 1935, àwọn òbí òun jẹ́ kí òyìnbó ajíhìnrere ará Jámánì kan sọ òun ní Hildegart. Inú bí òun, òun sì padà sọ́run. Ọdún 1938 ló tún dé, wọ́n sì pè é ní Olúfẹlá. Gbà á gbọ́ tàbí má gbà á gbọ́, ọkùnrin náà ló tún bọ́ Ransome sílẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1970, tó fi Aníkúlápó rọ́pò rẹ̀.

Lónìí, àwọn dókítà á sọ fún ọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àbíkú àtijọ́ ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde pa. Bí bàbá bá jẹ́ AS tí ìyá náà jẹ́ AS, ní gbogbo oyún ni ewu ọ̀kan nínú mẹ́rin ti wà pé ọmọ máa jẹ́ SS. Ibà àti èéyi náà kó tiwọn lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń pe orúkọ wọ̀nyí ní orúkọ èṣù. Ìwé ìròyìn ilé tí ikú ń yọ lẹ́nu ni wọ́n. Ṣùgbọ́n máà sọ àkọ́bí rẹ ní Kòkúmọ́ torí pé ó dún dáadáa. Àwọn àgbà tó bá gbọ́ ọ máa wojú ìyàwó rẹ, wọ́n á sì rọra béèrè iye tí ẹ ti pàdánù. Bó bá wù ọ́ láti mú nínú agbo yìí, Dúrójayé àti Bánjókòó kò nira láti gbé. Rótìmí ti wọ agbádá tirẹ̀ tipẹ́, ó ti di Olúrótìmí, kò sẹ́ni tó ń rántí ibi tó ti wá.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí Fábùnmi bá di Olúbùnmi, ìdajì orúkọ náà kò mì? Ẹ̀bùn náà kò yí padà, ẹni tó fúnni nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ògúndélé ṣe ń di Olúdélé, tí Ọ̀ṣúntóyìn ń di Olútóyìn. Ṣí ìwé ìròyìn sí ojú ìwé tí wọ́n ti ń kéde ìpààrọ̀ orúkọ, o máa rí i: ẹni tó ń jẹ́ Ògún lánàá ń sọ fún gbogbo ayé, fún báńkì àti fún iléeṣẹ́ rẹ̀, pé òun ti di ti Olúwa láti òní lọ. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àmọ́ kò pọn dandan, torí àwọn ẹlẹ́sìn tó dúró ṣinṣin ti jẹ́ irú orúkọ yìí ṣáájú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Alíù Babátúndé Fáfúnwá, ẹni tó darí ètò fífi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1970, gbé Alíù síwájú ó gbé Ifá sẹ́yìn, ìjà kò sì ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Awólọ́wọ̀ ń jẹ́ Jeremiah, awo sì wà nínú orúkọ ìdílé rẹ̀. Ọọ̀ni tó gorí ìtẹ́ lọ́dún 2015 kò yọ Ògún kúrò nínú Ògúnwùsì.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni Lámídì Fákẹ́yẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tó kú lọ́dún 2009. Mùsùlùmí ni. Ifá wà nínú orúkọ ìdílé rẹ̀, ṣùgbọ́n wo èyí tó wà láàárín: Ọlọ́nàdé. Ọlọ́nà ni wọ́n ń pe oníṣẹ́ ọnà, ilé agbẹ́gilére sì ni wọ́n bí i sí. Irú orúkọ iṣẹ́ ilé báyìí ló ń lọ kíákíá jù. Ilé onílù ń sọ ọmọ ní Àyántúndé, ilé ọdẹ ní Ọdẹ́wálé, ilé eégún ní Ọ̀jẹ́wálé. Bí bàbá bàbá rẹ bá jẹ́ onílù tí ìwọ sì jẹ́ oníṣirò owó ní báńkì, Àyàn ṣì tọ́ sí ọmọkùnrin rẹ. Ẹni tí kò ní onílù nínú ìran rẹ̀ ni kó má gbé e.

Ìgbà kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé Yorùbá fúnra rẹ̀ ni kò bóde mu. Ní Èkó òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Vincent, Johnson àti Williams ni orúkọ ọmọlúàbí. Àlùfáà Onítẹ̀bọmi kan, David Brown Vincent, bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1894, ó di Mọ́jọlá Agbébí, ó bọ́ kóòtù náà sílẹ̀, ó wọ aṣọ ilẹ̀ wa wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn òkun ẹ̀wẹ̀, ọmọ ẹrú ń wá ohun tí ọmọ onílé ń jù nù. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, Martiniano do Bonfim, babaláwo tó wá gbé ní Èkó nígbà èwe rẹ̀, ń jẹ́ Ọ̀jẹ́ladé. Ní South Carolina, Walter King tí wọ́n bí ní Detroit dá abúlé Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ lọ́dún 1970. Adéfúnmi ló ń jẹ́ nígbà yẹn.

Bí gbogbo èyí bá ti ń mú ọ rò pé kò sí orúkọ àtijọ́ tí òbí lè fọwọ́ ara rẹ̀ mú, oríkì wà. Àkànní, Àjàní, Àlàó, Àyìndé, Àkànbí, Àdìó, Ìṣọ̀lá: ìwọ́ kò ní láti rọ̀ mọ́ ọmọ lọ́rùn kó tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, a kò sì sin ẹnikẹ́ni ṣáájú. Orúkọ ìkẹ́ ni, èyí tí ìyá àgbà fi ń jí ọmọ láàárọ̀. Àwọn olórin ló gbé e jáde kúrò ní yàrá: Harúnà Ìṣọ̀lá àti Àyìnlá Ọmọwúrà nínú àpàlà, Síkírù Àyìndé Barrister nínú fújì. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn òbí kan fi ń rò pé orúkọ òde ijó ni. Ẹ jọ̀ọ́, oríkì ti wà kí wọ́n tó dá fújì sílẹ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti gbà á wọlé ni àwo omi ọjọ́ ìkómọ. Láyé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń kó ọmọkùnrin jáde, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Lónìí ọjọ́ kẹjọ ti di ti gbogbo wọn. Àlùfáà á ka orúkọ tí òbí kọ fún un. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà á máa bọ́ síwájú, kálukú á ju owó sínú àwo, á sọ orúkọ tirẹ̀. Bàbá àgbà á yọ owó náírà kan tó ti ká bíi sìgá láti inú àpò agbádá, á tẹ̀ ẹ́ bọ omi, á ní, "Àlàó ni tèmi." Gbogbo ilé á ṣe àmín. Ẹni tó ń fi fóònù ya fídíò á yí i sí ibòmíràn, torí ó mọ̀ pé orúkọ yẹn kò ní dé orí ìwé ẹ̀rí ìbí. Ìwọ ni kó o rí i pé ó dé bẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ipò orúkọ bá fẹ́ di wàhálà, gbé Àlàó sí ipò kejì. Àwọn àgbà kì í bínú sí ipò, àìkọ ọ́ rárá ló ń bí wọn nínú.

Fún ẹni tó fẹ́ wá orúkọ àtijọ́ nínú ìwé, ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ ní orí kan lórí orúkọ, tí amútọ̀runwá, àbísọ, oríkì àti ti àbíkú wà níbẹ̀. Díẹ̀ ló kù ká má rí i. Ó parí rẹ̀ lọ́dún 1897, ìwé náà sọnù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òǹkọ̀wé sì kú lọ́dún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, kó tó jáde lọ́dún 1921. Ìwé atúmọ̀ orúkọ tí Adébóyè Babalọlá àti Olúgbóyèga Àlàbá ṣe jáde lọ́dún 2003. Ṣùgbọ́n kó o tó ṣí èyíkéyìí, bí bàbá bàbá rẹ bá ṣì ń mí, pè é lórí fóònù kó o béèrè orúkọ bàbá tirẹ̀, kó sì sọ ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orúkọ tí wọn kò kọ sínú ìwé kankan.